Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ẹni tó bá ti ná aṣọ rí ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá aláṣọ á pe iye, ẹ̀yin náà á sọ tiyín, á ní kò gbà, á búra pé òun ò jèrè kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin náà á ní kò burú, ẹ ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsọ̀ kejì ni á tó ké sí yín: "Ẹ padà wá jàre, ẹ mú owó yín wá." Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ, kò sí èyí tó dín kọ́bọ̀ lórí aṣọ náà. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé ló dín in, àti ìsọ̀ kejì tó ń ta irú aṣọ kan náà, tí ẹni tó ni ín ti ń wojú yín láti ìgbà tí ẹ ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí òwò, òfin àti ìjọba kò jìnnà sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí oníṣòwò ńlá nílùú wa yìí, ìbáà jẹ́ nínú takisí Micra tàbí níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, apá méjì ni àwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní kí ìjọba gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, pé ẹni tó bá lè tà kó tà, ẹni tó bá lè rà kó rà. Àwọn kejì á ní àwọn olówó ti fẹ́ jẹ wá tán, kí ìjọba dá iye sórí gbogbo nǹkan. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ká yé bèèrè bí oníṣòwò ṣe tóbi tó. Ká bèèrè bóyá ẹni tó ń rà lè kọ ẹ̀yìn sí i, ká sì bèèrè bóyá ẹlòmíràn lè wá pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí ìdáhùn méjèèjì bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìjọba jókòó jẹ́ẹ́. Níbi tó bá ti jẹ́ rárá, àfi kí òfin wọlé, ẹni yòówù kó ni ọjà náà: olówó aládàáni ni o, ìjọba fúnra rẹ̀ ni o, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí ìyá ẹni wà nínú rẹ̀ ni o.

Kòkó ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí owó rẹ̀ ló kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan ní Ìbàdàn, òun náà ló sì fi hàn wá ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń rà bá jẹ́ ẹyọ kan. A sábà máa ń rò pé olùtà nìkan ló lè dá ọjà gbà. Aràjà náà lè dá a gbà, ìyẹn ló sì le jù fún àgbẹ̀, torí kòkó kì í ṣe iṣu tí èèyàn máa gún jẹ bí kò bá rí tà.

Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí United Africa Company jẹ́ ọ̀gá láàrin wọn, fẹnu kò pé àwọn ò ní bá ara wọn díje mọ́. Iye kan náà ni gbogbo wọn á máa san, wọ́n sì pín kòkó tí oníkálukú máa rà láàrin ara wọn. Ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, àwọn àgbẹ̀ kọ̀, wọn ò tà. Wọ́n di kòkó mọ́lé títí wọnú 1938, débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n ogun dé, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbogbo kòkó, nígbà tí ogun sì parí, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Ní 1947 ni wọ́n dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹkùn, tiwa sì di bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀ Oòrùn, tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ o. Àìsàn náà ni pé àwọn aràjà ti para pọ̀ di ẹnì kan. Oògùn tí wọ́n fún wa ni pé kí aràjà di ẹnì kan, kí ó sì ní òǹtẹ̀ ìjọba lọ́wọ́.

Bàbá bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Akanran. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n fi ń sọ nípa àwọn ọ̀gá ayẹkòkówò, bí wọ́n ṣe máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò, tí wọ́n á la kóró sí méjì, tí wọ́n á wò ó sókè sódò, tí wọ́n á wá sọ pé gíréèdì kejì ni. Ta ni àgbẹ̀ fẹ́ bá jiyàn? Kò síbòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. Àwọn aṣojú tí bọ́ọ̀dù fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń rà, bọ́ọ̀dù ló sì ń dá iye sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò kòkó. Ohun tí wọ́n ń san fún kòkó lókè òkun ju ohun tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ, èyí tó wà láàrin méjèèjì sì ń dúró sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ tí iye bá já wálẹ̀ ni.

Mi ò lè sọ ọ́ bí ẹni tí kò jẹ níbẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún 1955. Owó kòkó wà níbẹ̀. Ó wà nínú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1959. Ó wà nínú Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n kọ́ parí sí Dùgbẹ̀ ní 1965. Bí kò bá sí owó yẹn, ó ṣeé ṣe kí bàbá mi má mọ̀wé, kí èmi náà má sì kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Mo dúpẹ́ fún un, mo sì ń dúpẹ́ fún un títí dòní.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi bàbá àgbà léèrè. Owó orí ni wọ́n ń san nídìí òṣùwọ̀n, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè é ní owó orí, wọn ò sì mọ iye tó jẹ́. Ká ní aràjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà, tí ìjọba wá gba owó orí lọ́wọ́ wọn ní gbangba, wọn ì bá mọ iye tí wọ́n san, wọn ì bá sì lè bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Owó tí kò lórúkọ kì í ní olùṣọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Coker jókòó ní 1962 láti wádìí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ohun tí wọ́n sọ ni pé owó bọ́ọ̀dù ti gba ẹ̀bùrú lọ sínú òṣèlú. Àwọn kan ṣì ń bá ìgbìmọ̀ yẹn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ọ̀tá ló yàn án. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́ láti rí i pé àpótí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ń fi owó sí i kò lè yẹ inú ẹ̀ wò, kò ní ṣàì dán ẹnikẹ́ni tó bá di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú wò.

Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń rántí nípa ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ni owó orí, pé àwọn ará Akanran àti àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, tí Táfá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn, ní ṣílè 30 ni àwọn máa san, kò sì ní lé kan. Ṣùgbọ́n iye kòkó tí kò tó nǹkan wà nínú ìbínú yẹn. Ìrẹ́jẹ nídìí òṣùwọ̀n wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ ẹ̀yìn sí aràjà, tí kò sì lè kọ ẹ̀yìn sí agbowó-orí, ìbọn ṣakabùlà tó wà ní àjà ló kù fún un.

Wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Àwọn aràjà gbé ọkọ̀ wá sí abúlé, wọ́n ń du kòkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́, owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ sì pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn bá a rìn, àwa tó fẹ́ràn òmìnira òwò kò sì gbọ́dọ̀ fojú fò ó. Nígbà tí wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká, ìyẹ̀wò náà dẹ̀. Àwọn kan ń ra kòkó tí kò gbẹ, àwọn kan ń ra èyí tó ti bu, wọ́n ń kó o pọ̀ mọ́ èyí tó dára, orúkọ tí kòkó wa ní lókè òkun sì bàjẹ́. Ó yẹ kí wọ́n tú iye sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kò yẹ kí wọ́n tú sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ fóònù, òun ni àwọn tó gbà pé kí ìjọba gbé ọwọ́ kúrò máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Wọ́n jàre. NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ló dá ọjà yẹn gbà. Nígbà tí a fi máa wọ 2001, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, fún àwọn èèyàn tó ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ilé tó bá ní ìlà, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó á lọ tò síwájú ilé ìpè, á tún máa bẹ Ọlọ́run kí ìlà wọlé.

Ní Oṣù Kìíní ọdún 2001, ìjọba gbé ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká sí gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di Oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Síìmù nìkan ju 10,000 náírà lọ dáadáa, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ 50 náírà, bó bá sì jẹ́ pé "mo ti délé" péré lẹ sọ, ìṣẹ́jú kan odindi ni wọ́n máa gbà. A kígbe, a bínú, wọ́n ní gbígba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan kò tíì ṣeé ṣe. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Glo wọlé, ọjọ́ tó wọlé ló ti ń gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ohun tí kò ṣeé ṣe náà fi ṣeé ṣe lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Mínísítà kankan kò pàṣẹ. Ìsọ̀ mìíràn ló ṣí.

Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi ìtàn náà sí nìyẹn, pé ẹ ò rí i pé ìdíje ti tó. Èmi máa ń ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ẹ rò ó wò: ká ní nígbà tí Glo dé, àwọn tó ti wà nílẹ̀ ní àwọn ò ní gba ìpè tó bá wá láti orí rẹ̀. Ta ni ì bá ra síìmù tí kò lè pe ìyá rẹ̀, kò lè pe oníbàárà rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn tó ra irú rẹ̀ nìkan ló lè pè? Ìsọ̀ tuntun náà ì bá ti kógbá sílé kí ó tó tà. Ohun tí kò jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni òfin. Àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ fóònù, tí àṣẹ ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1992, tí òfin 2003 sì fún lágbára sí i, ló ní dandan ni kí ilé iṣẹ́ kan gba ìpè ilé iṣẹ́ kejì. Ní 2013, àjọ náà tún jẹ́ kí èèyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ti lo nọ́ńbà kan fún ọdún mẹ́wàá, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, okùn ni nọ́ńbà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òfin ló gé okùn yẹn.

Irú òfin yẹn ni mo fẹ́. Kò dá iye lé ẹnikẹ́ni lórí, kò sọ fún oníṣòwò èrè tó gbọ́dọ̀ jẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ilẹ̀kùn má tì. Ìgbà tí ilẹ̀kùn kò bá ṣeé ṣí rárá nìkan ló tọ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa dídá iye, torí pé ìjọba tó ń dá iye lé nǹkan máa ń dá a ga jù fún aráàlú tàbí kó dá a kéré jù fún ẹni tó ń ṣe é, ìgbà tó bá kéré jù ni ọjà á sì wọnú pálọ̀ àwọn tó mọ ènìyàn.

Mo fi èyí kún un: ìsọ̀ mẹ́rin kì í ṣe ìsọ̀ ogójì. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bèèrè. Owó náírà ti já, epo tí wọ́n ń bu sí jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lérí, mo gbà. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fowó kún détà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó fowó kún un náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń wo ọjà kò fi gbọ́dọ̀ sùn nígbà tí àwọn tó ń tà bá ti kéré.

Iná mànàmáná ni ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ pátápátá. Kò sí olóye oníṣòwò tó máa ri òpó mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà ní Mọ́kọ́lá, kó tún fa wáyà mìíràn wọ gbogbo ojúlé ní Bẹẹrẹ àti Òjé, kí ó lè bá ẹni tó ti wà níbẹ̀ díje. Owó òpó kejì á pọ̀ ju èrè lọ, àwa aráàlú la ó sì san án. Òpó kan péré ló yẹ kó wà. Kò sí ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ni òpó kan ṣoṣo yẹn ti ní wa nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tú NEPA ká lábẹ́ òfin 2005, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ìdíje ti dé. Àmọ́ ẹyọ kan ló pín sí mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn kò lè sọ pé ti Èkó dára ju tiwa lọ, kí ó wá máa ra iná lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n tà á fún aládàáni, wọn kò sì fún oníbàárà ní ẹsẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ládùúgbò. Tiransífọ́mà bá bàjẹ́, ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù á ṣèpàdé, wọ́n á bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan, alápatà á san, aránṣọ á san, opó tó ń ta ẹ̀kọ á san. Wọ́n á ra á, wọ́n á gbé e kọ́, ilé iṣẹ́ apíná á sì máa tajà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ. Mo ti wà nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo sì dáwó. Ọdún púpọ̀ làwọn tí kò ní mítà fi san bíìlì tí wọ́n kàn fojú díwọ̀n, tí ìyàrá kan tó ní gílóòbù méjì àti fáànù kan ń gba bíìlì tó tó ti ilé alájà. Ọlọ́jà wo ní Bódìjà ló lè gbìyànjú irú ẹ̀? Ẹni tó bá ní òun fojú díwọ̀n kóńgò ìrẹsì tí ẹ rà lánàá, tí òun sì ń gba owó méje, kò ní rí oníbàárà kan mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele Band A, àwọn tí wọ́n ní wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Àwọn tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sólà sórí òrùlé. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá; ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà kọ ẹ̀yìn sí ọjà yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n òpó ṣì wà níbẹ̀, wáyà ṣì wà níbẹ̀, owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe kò dín. Bí ọlọ́rọ̀ ṣe ń kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹrù yẹn ń tẹ̀ sórí ẹni tí kò lè ra sólà: alágbẹ̀dẹ tó ń lo ẹ̀rọ ìjórin, ìyá tó ń ta omi tútù. Ibi tí mo ti kúrò lẹ́yìn àwọn tó ní kí ìjọba má dá sí i nìyẹn. Níbi òpó kan ṣoṣo, àfi kí òfin dá iye, kí ó dá ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún iye náà, kí owó ìtanràn sì wọ àpò oníbàárà tí wọn ò fún níná.

A kì í fẹ́ gbọ́ ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ṣùgbọ́n òun náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa wí, síbẹ̀ àwọn ọjà kan wà láàrin wa tó ti di ọ̀nà kan. Àgbẹ̀ tó gbé tòmátì tàbí iṣu rẹ̀ wá láti òkè lọ́hùn-ún kò lè dúró tà á fún ẹni tó wù ú. Àfi kó kó o lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ní iye tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé. Ẹni tó bá tà ní owó tó kéré sí ti ẹgbẹ́, wọ́n lè gbé àtẹ rẹ̀ dà síta. Mo mọ iṣẹ́ rere tí ẹgbẹ́ ń ṣe. Àwọn ló ń parí ìjà, àwọn ló ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ló ń bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń dá iye sọ láàrin ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ipá lé ẹni tó fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú, ohun tí àwọn òyìnbó akòkó ṣe ní 1937 náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń fi owó ojúmọ́ ra oúnjẹ ojúmọ́ ló ń san án, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin tó kan èyí ti wà. Láti 2019 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń gbé ìdíje ró, tó sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òfin náà ni pé kò sọ títóbi di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá tóbi torí pé ọjà rẹ̀ dára, kí ó máa gbádùn. Ìgbà tó bá fi títóbi náà dí ẹlòmíràn lọ́nà ló tó di ẹjọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. British American Tobacco ní ilé iṣẹ́ níbí, ní Ìbàdàn, láti 2003. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, FCCPC kéde pé ilé iṣẹ́ náà àti àwọn tó so mọ́ ọn máa san mílíọ̀nù 110 dọ́là lẹ́yìn ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ọ̀kan lára ohun tí àjọ náà tọ́ka sí ni pé wọ́n ń fìyà jẹ àwọn tó ń tajà bí wọ́n bá gbé ọjà àwọn tó ń bá wọn díje sí ibi tó hàn bíi tiwọn. Sìgá ni ọjà náà, mi ò sì ní sunkún fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ tà á. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó ló kàn mí, torí ẹnikẹ́ni lè lò ó fún mílíìkì, fún ọṣẹ, fún oògùn ibà.

Sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta, Dangote, BUA àti Lafarge, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pèsè gbogbo rẹ̀, ìjọba sì ti dí ọ̀nà tí ti òkè òkun ń gbà wọlé kí iṣẹ́ lè wà nílé. Ìyẹn jẹ́ kí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí i ní ilẹ̀ wa, n kò ní ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpò kan fò kọjá 10,000 náírà níbẹ̀rẹ̀ 2024, ohun tí ìjọba lè ṣe kò ju pé kí ó pe àwọn oníṣẹ́ náà sípàdé, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Àwọn tó ń kọ́lé ní Àkóbọ̀ àti Mọ́níyà mọ bí ìpàdé yẹn ṣe rí nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì. Ẹni tí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn fún, ó yẹ kí àdéhùn ti wà ṣáájú pé bí iye bá gòkè ju báyìí lọ, ilẹ̀kùn á ṣí fún ìgbà díẹ̀. Ìpàdé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bákan náà ni mo ṣe rí ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Lẹ́kí. Ohun ńlá ni, àgbá 650,000 lójúmọ́, láti Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló sì ti ń tú bẹntiróòlù jáde. Ẹni tó fi owó rẹ̀ kọ́ irú rẹ̀ nígbà tí àwọn ilé ìfọpo ìjọba ń jókòó gbowó oṣù láìfọ epo ṣe ohun tó yẹ kí a yìn ín fún, mo sì ń yìn ín. Kò sídìí láti gé e sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní 2024 pé kí wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ àwọn tó ń gbé epo wọlé, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní 2025, inú mi sì dùn sí i. Kí ó jẹ́ pé epo rẹ̀ tó rọjú ló mú kí wọ́n yé gbé ti òkè òkun wọlé.

Èyí tó kàn wá jù báyìí ní Ìbàdàn ni iná. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní agbára láti máa ṣàkóso ọjà iná nílẹ̀ wọn, kì í tún ṣe Àbújá nìkan mọ́. Àǹfààní tí àwọn tó ṣáájú wa kò ní rí lórí kòkó nìyí. Mo fẹ́ kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ya ẹni tó ni òpó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ta iná orí òpó. Kí olópòó jẹ́ ẹyọ kan, kí òfin sì dá owó ojú ọ̀nà tó máa gbà. Kí àwọn tó ń ta iná pọ̀ bí wọ́n bá ṣe fẹ́ pọ̀ tó, ìbáà jẹ́ oníṣòwò kan tó gbé sólà ńlá kalẹ̀ ní ìta ìlú, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Sángo tó para pọ̀ ra tirẹ̀, kí wọ́n san owó ojú ọ̀nà fún olópòó gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ fóònù kan ṣe ń san fún èkejì. Mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé tiransífọ́mà tí àdúgbò bá fi owó ara wọn rà, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà sínú mítà ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti dá a padà tán síbẹ̀. Bí wọ́n bá pe aráàlú sí àpérò lórí rẹ̀, màá lọ, màá sì kó ìwé ìdáwó àdúgbò wa lọ́wọ́.